Agbára Ìsun Omi Tí Wọ́n Rọ Sínú Ìgò

Ẹni tí iṣẹ́ ti mú lómi, tí orúnkún ń dùn, tí oorun kò kún ojú rẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá sọ fún un pé ìsun omi kan wà níbì kan tí ara máa ń tu èèyàn bó bá wẹ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi wá owó ọkọ̀. Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Ìkógòsì-Èkìtì nìyẹn. Omi gbígbóná ń sun níhìn-ín, omi tútù ń sun lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì sì pàdé láàárín igbó. Àlejò á ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí tó gbóná, á ti tòsì bọ èyí tó tutù, ẹnu á yà á. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè kẹ́ẹ̀gì. Kò fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Ó fẹ́ bu díẹ̀ nínú agbára ibẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ tí làkúrègbé ń dà láàmú, àti fún ọmọ tí ibà kò jẹ́ kó gbádùn.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí kẹ́ẹ̀gì. Àwọn baba wa mọ iyì omi kí òyìnbó tó dé, ẹni tó bá sì ti dé etí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo rí mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wá ìlera lọ sí ìsun omi gbọ́, pàápàá àwọn tó ń ra ìlera náà nínú ìgò. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe àlọ́ o. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ní orúkọ, ó ní sàréè, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti hú egungun rẹ̀ jáde wò.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní Hot Springs, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Lẹ́sẹ̀ òkè kan níbẹ̀, omi tó gbóná tó ìwọ̀n 62 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń tú jáde tọ̀sán tòru. Àwọn tó yẹ omi náà wò ní òjò tó ti rọ̀ ní nǹkan bíi 4,400 ọdún sẹ́yìn ni. Ó rin wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jìn dé ibi tí àpáta ti gbóná, ó wá rí ibi tí ilẹ̀ ti sán, ó sì gbabẹ̀ sáré jáde kó tó ráyè tutù. Ìjọba Amẹ́ríkà ka ibẹ̀ sí débi pé ní 1832 wọ́n fi òfin ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, kí ẹnì kan má bàa sọ ọ́ di tara rẹ̀. Ní 1921 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè.

Ẹni tó bá wá gba ìtọ́jú níbẹ̀ láyé ìgbà náà kì í kàn bẹ́ sómi. Dókítà ló máa kọ iye ìgbà tí yóò wẹ̀, ìwẹ̀ 21 ló sì wọ́pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ ilé ìwẹ̀ á fi aṣọ funfun wé e lára, á mú un dé ìdí ọpọ́n ìwẹ̀ gígùn. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni yóò gbé jókòó fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, tí yóò máa mu omi ìsun náà ní gbígbóná láti inú ife, tí òṣìṣẹ́ á máa fi kànrìnkàn ha á lẹ́yìn. Tó bá jáde, á wọ inú àpótí kan tí ooru omi ń rú gùdù nínú rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ni yóò yọ síta. Wọ́n á tún tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n á fi aṣọ ìnura gbígbóná dì í níbi tó ń dùn ún, wọ́n á fi èyí tó tutù lé e níwájú orí. Ibẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ sí títí òógùn yóò fi gbẹ. Bí oorun bá gbé e lọ, kò sẹ́ni tí yóò jí i.

Àwọn adúláwọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń wẹ òyìnbó, tí wọ́n ń fọwọ́ ra á lára, tí wọ́n ń gbé ẹni tí kò lè rìn. Síbẹ̀, ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ kò jẹ́ kí àwọn fúnra wọn wẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀, bíi Pythian, ni wọ́n ń lọ. Ó yẹ ká máa rántí wọn. Ọwọ́ wọn wà nínú ara yíyá tí omi nìkan gba ìyìn rẹ̀.

Ara àwọn èèyàn sì yá lóòótọ́. Ẹ wo ẹni tó fi iṣẹ́ àti wàhálà ilé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lójoojúmọ́ ni omi gbígbóná ń tú iṣan rẹ̀, omi gbé ìwúwo ara kúrò lórí oríkèé tó ń dùn ún, ó ń jẹun lásìkò, ó ń rìn gba abẹ́ igi lórí òkè, ó ń sùn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá gbádùn ara rẹ̀ díẹ̀, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èyí tó kàn wá nínú ìtàn yìí ni pé àlàyé yẹn kò tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn. Ó rọrùn jù lójú wọn. Wọ́n ní ohun kan ní láti wà nínú omi náà, ohun tí èèyàn lè dárúkọ, tí èèyàn lè wọ̀n. Wọ́n yẹ omi Hot Springs wò, iyọ̀ àti èròjà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò rùn bí àwọn ìsun omi mìíràn, adùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Kí wá ni?

Ní 1903, J. J. Thomson, àgbà onímọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé òun rí ìtànṣán nínú omi kànga. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ lọ sí ìdí ìsun omi káàkiri ayé, tí wọ́n sì ń bá ohun kan náà pàdé. Bertram Boltwood láti yunifásítì Yale yẹ omi Hot Springs wò, ó bá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ń jáde láti ara èròjà kan tí wọ́n ń pè ní rédíọ̀mù nínú àpáta, ló dà pọ̀ mọ́ omi náà. Radon ni à ń pè é lónìí. Nígbà yẹn, kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ tí Marie Curie àti ọkọ rẹ̀ Pierre ṣàwárí rédíọ̀mù, ní 1898, gbogbo ayé ló sì ń pariwo rẹ̀. Ó ń tàn nínú òkùnkùn, àwọn dókítà sì ti ń fi í jó kókó jẹjẹrẹ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ wà nínú omi ìsun, wọ́n ní a ti rí i: rédíọ̀mù ló ń wo àwọn èèyàn sàn.

Ó tún jọ pé àwárí yìí tú ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ palẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé omi ìsun tí wọ́n bù relé kì í ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n mu nídìí ìsun. Radon kì í pẹ́ tán: láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Wọ́n wá ní ẹ̀mí omi náà ló ti bọ́ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rò ó pé ilé tí wọ́n gbé omi náà padà sí ni kò ní òkè, tí kò ní ìsinmi, tí kò ní ẹni tí yóò fọwọ́ ra wọ́n lára.

Ibì kan wà tí ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Ìlú Joachimsthal ni, ní Bohemia, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, tí wọ́n ń pè ní Jáchymov. Láti inú ihò ìwakùsà ibẹ̀ ni àpáta dúdú tí Marie Curie yọ rédíọ̀mù jáde nínú rẹ̀ ti wá. Ní 1906 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi omi tó ń sun nínú ihò náà wẹ aláìsàn, wọ́n sì kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá fún àwọn olówó tó ń wá. Ní ìlú kan náà, àwọn ọmọ onílé tó ń wa kùsà ti ń kú láti ìran dé ìran ní ọjọ́ orí tí kò tọ́jọ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa wọ́n. Afẹ́fẹ́ inú ihò, radon yẹn gan-an, ló ń fún wọn ní jẹjẹrẹ. Àlejò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti wá gba ìyè, wọ́n sì ń gbé òkú awakùsà kọjá lójú pópó.

Àwọn oníṣòwò kò wo ibẹ̀. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni bí wọn yóò ṣe gbé ìsun omi wá sínú yàrá oníbàárà. Ọ̀kan nínú wọn ṣe àmù kan tí wọ́n fi èròjà tó ní rédíọ̀mù nínú rẹ́ inú rẹ̀, ó pè é ní Revigator. Kí èèyàn rọ omi sí i lálẹ́, kó máa mu ún ní ọjọ́ kejì bí ẹni mu omi lásán. Ọ̀kẹ́ àìmọye ilé ló rà á. Òmíràn sì rò ó pé kí ló dé tí a ó máa wá ọmọ nígbà tí ìyá wà. Ó bu rédíọ̀mù fúnra rẹ̀ sínú omi, ó sì dé ìgò pa.

William Bailey lorúkọ ẹni yẹn. Kì í ṣe dókítà. Ó lọ sí yunifásítì Harvard, kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní East Orange, ìpínlẹ̀ New Jersey, ló ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, láti 1925 ló sì ti ń ta omi kan tó sọ ní Radithor. Ìgò rẹ̀ kéré gan-an. Dọ́là kan ni ìgò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí dọ́là kan ṣì jẹ́ owó gidi. Ó ní ó ń wo àárẹ̀, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ikùn, ó ń dá agbára ọkùnrin padà. Dókítà tó bá kọ ọ́ fún aláìsàn, Bailey á fún un ní owó ẹ̀yìn. Láàárín ọdún márùn-ún, ó ta ju 400,000 ìgò lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Bailey kò purọ́ nípa ohun tó wà nínú ìgò. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ló wà lọ́jà nígbà náà tó ń pe ara rẹ̀ ní omi rédíọ̀mù tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi ẹ̀rọ lọ. Owó lásán ni àwọn tó mu ún pàdánù. Radithor kì í ṣe ayédèrú. Rédíọ̀mù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó pé bó ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Òótọ́ yẹn ló pààyàn. Òfin ìgbà náà kò sì lè mú un, nítorí wọn kò ka rédíọ̀mù sí oògùn.

Eben Byers, ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, jẹ́ ọmọ olówó láti Pittsburgh, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ irin. Ara rẹ̀ le. Ní 1906 ló gba ife ẹ̀yẹ gọ́ọ̀fù àwọn tí kò fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá 1927, ó ń bọ̀ láti ibi tí Harvard àti Yale ti gbá bọ́ọ̀lù, ó ré bọ́ láti orí ibùsùn òkè nínú ọkọ̀ ojú irin, ó fi apá ṣèṣe. Ìrora náà kò lọ. Kò lè gbá gọ́ọ̀fù dáadáa mọ́, oorun dá lójú rẹ̀. Dókítà kan ní Pittsburgh ní kó máa mu Radithor.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ara rẹ̀ sì yá. Ó sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó ń mu tó ìgò mẹ́ta lóòjọ́. Ó ń fi páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́, ó ń fún àwọn obìnrin tó ń bá rìn, ó tiẹ̀ fún àwọn ẹṣin ìdíje rẹ̀ mu. Kò sí ìwà ibi kankan nínú gbogbo èyí. Ọ̀làwọ́ èèyàn ni, ohun tó rí tó dára ló ń pín fáwọn tó fẹ́ràn. Bí a bá dá iye tó mu láàárín ọdún mẹ́ta náà, ó tó nǹkan bí 1,400 ìgò.

Rédíọ̀mù jọ kálísíọ́mù lójú ara èèyàn. Kálísíọ́mù ni ara fi ń mọ egungun àti eyín, nítorí náà nígbà tí rédíọ̀mù bá wọlé, ara kò mọ̀ pé àlejò ni, á gbà á, á tò ó sínú egungun bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Nígbà tó bá ti jókòó síbẹ̀ tán, kì í tètè jáde mọ́. Ibẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa tan ìtànṣán olóró sí ohun gbogbo tó yí i ká, lójú oorun àti lójú ìjí. Ẹni náà kò ní mọ nǹkan kan. Ó lè máa gbá gọ́ọ̀fù.

Ní 1930, Byers bẹ̀rẹ̀ sí rù. Orí ń fọ́ ọ, párì ń dùn ún, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já bọ́. Nígbà yẹn ló tó jáwọ́ nínú omi náà. Àwọn dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé imú ló ń dà á láàmú. Ẹni tó dá àìsàn náà mọ̀ ni Joseph Steiner, dókítà tó ń ka fọ́tò egungun ní New York. Ó wo fọ́tò párì Byers, ó rántí àwọn ọmọbìnrin kan.

Ìlú Orange, tó bá East Orange pààlà, ni àwọn ọmọbìnrin yẹn ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi ọ̀dà tó ní rédíọ̀mù kun nọ́ńbà ojú aago kí aago lè máa tàn lóru. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ètè wọn pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, egungun párì wọn bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti 1925 ni Harrison Martland, dókítà ìjọba ní àgbègbè náà, ti sọ ọ́ ní gbangba pé rédíọ̀mù tí wọ́n gbé mì ló ń pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ó kún inú ìwé ìròyìn. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní ìtòsí ibi tí Bailey ti ń dé ìgò rẹ̀ pa. Ọdún méjì kí Byers tó ṣí ìgò àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ti lè mọ̀. Àmọ́ ìṣẹ́ ló ń pe àwọn ọmọbìnrin sí ìdí rédíọ̀mù, ọrọ̀ ló gbé Byers débẹ̀, kò sì sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ olówó. Ìyẹn dùn mí nínú ìtàn yìí ju ohun gbogbo lọ.

Àjọ ìjọba tó ń bójú tó òwò gbé ọ̀rọ̀ ìpolówó Radithor dìde, wọ́n sì fẹ́ kí Byers wá jẹ́rìí. Kò lè dìde. Ní 1931, wọ́n rán agbẹjọ́rò kan, Robert Winn, lọ bá a nínú ilé ńlá rẹ̀ ní Southampton, Long Island. Winn kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò tíì darúgbó, ọpọlọ rẹ̀ sì pé, àmọ́ ó ṣòro fún un láti sọ̀rọ̀. Aṣọ ni wọ́n fi di gbogbo orí rẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti yọ párì òkè kúrò, ó ku eyín iwájú méjì péré, púpọ̀ nínú párì ìsàlẹ̀ sì ti lọ pẹ̀lú. Egungun tó kù ń rún díẹ̀díẹ̀, ihò sì ń yọ nínú agbárí rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àjọ ọ̀hún pàṣẹ fún Bailey pé kó jáwọ́ nínú irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1932, Byers kú ní New York, ẹni ọdún 51. Pósí tí wọ́n fi òjé tẹ́ nínú ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì sin ín sí Pittsburgh. Dókítà tó kọ omi náà fún un ṣì ń sọ pé omi kọ́ ló pa á. Bailey náà ní òun mu Radithor ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló pa á ní 1949. Kò ṣe ẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ Byers.

Ikú olówó mì ìjọba ju ikú àwọn ọmọbìnrin aago lọ, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣe òfin oúnjẹ àti oògùn tó lágbára ní Amẹ́ríkà ní 1938. Ní 1965, Robley Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì MIT hú òkú Byers láti wọn rédíọ̀mù inú rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Yóò tó nǹkan bí 1,600 ọdún kí ìdajì rédíọ̀mù tó lọ tán.

Ohun tí mo ń rò nígbàkúgbà tí mo bá ronú kan ọkùnrin yìí ni gbólóhùn tí gbogbo wa fẹ́ràn jù: “Mo lò ó, ara mi sì yá.” A máa ń fi gbólóhùn yìí parí àríyànjiyàn. Byers sọ ọ́ tọkàntọkàn, òótọ́ sì ni. Ara rẹ̀ yá. Apá tó fi ṣèṣe lè jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló san bí oṣù ti ń gorí oṣù, bí apá ti máa ń san. Ìgbàgbọ́ ẹni náà sì máa ń fúnni lókun. Àmọ́ ara yíyá lónìí kò lè sọ fún wa ohun tó ń lọ lábẹ́ egungun, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ẹni tó ń jẹ́rìí kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún kẹta.

Bẹ́ẹ̀ sì ni à ń gbọ́ gbólóhùn yìí lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ta lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ń ta oògùn á dìde, á gbàdúrà fún awakọ̀, á sì fa ìgò yọ. Ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo làkúrègbé, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń bá tọkọtaya tún ilé ṣe. Gbogboǹṣe. Ìyá kan lẹ́yìn ọkọ̀ á ní òun rà á lóṣù tó kọjá, ara òun yá. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ iyì àgbo, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà oníṣègùn wa kì í fún èèyàn ní oògùn láìbéèrè ohun tó ń ṣe é. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ á ní ife báyìí ni kí o mu, kí o sì dúró lọ́jọ́ báyìí. Ẹni tó ní kí gbogbo ọkọ̀ mu oògùn kan náà, lọ́mọdé lágbà, fún àìsàn mẹ́wàá, kì í ṣe ọmọ wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ lọ sí ìdí ìsun omi o. Ẹni tó bá lè rí ọjọ́ mẹ́ta gbà lọ́wọ́ iṣẹ́, kó lọ sí Ìkógòsì, kó pa fóònù, kó wẹ̀, kó sùn. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀, ó máa ń tu oríkèé lára, ó sì dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dààmú. Ìyẹn tó ẹ̀bùn. Àmọ́ kò ní fọ ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kó kó oògùn rẹ̀ sínú báàgì, kó máa lò ó níbẹ̀ bó ti ń lò ó nílé. Ara lè yá a dáadáa lọ́jọ́ kejì débi tí yóò fi rò pé òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó rántí lò ó. Aboyún, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tí kò mọ gbígbóná mọ̀ mọ́, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ omi gbígbóná. Kí ẹni tó ní egbò má wọ omi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì pẹ́ jù níbẹ̀: bí òòyì bá ti ń kọ́ ọ, kó jáde, kó jókòó sábẹ́ igi, kó mu omi tó mọ́.

Ní ti kẹ́ẹ̀gì, ẹ bù ú tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ fi wẹ ẹsẹ̀ ìyá yín bó bá délé. Ẹ má fún ọmọ ọwọ́ mu láìsè é. Bí ẹnì kan bá wá ní òun ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi ìsun, pé òun ti yọ ọ́, òun ti rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ka orúkọ èròjà tó kọ síbẹ̀. Kí ẹ wá mú orúkọ èròjà náà lọ bá apòògùn tí kò bá ẹni tó ń tà á pín owó, kó sọ ohun tí èròjà náà ń ṣe nínú ara fún yín, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó jáde.